Ìṣó Mẹ́sàn-án

Ọkọ̀ Gímbà dojú dé sí etí omi ní Yelwa
bí màlúù tó kọ̀ láti dìde.
Ìgbòkun rẹ̀, àpò ìrẹsì mẹ́tàlá tí a rán pọ̀,
wà ní kíká lábẹ́ igi dóńgóyárò,
ewúrẹ́ kan ti sùn lé e.
Adágún ti fà sẹ́yìn.
Ó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìkarahun sílẹ̀,
ó fi bàtà ọmọdé kan sílẹ̀, ti ẹsẹ̀ òsì.

Káfíńtà ilẹ̀kùn ni mí.
Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé,
mo ń kan bẹ́ẹ̀dì, mo ń kan férémù fèrèsé,
mo ń kan bẹ́ńṣì fún ilé kéú.
Ẹni tó ń kan ọkọ̀ nílùú yìí ti kú,
ọmọ rẹ̀ ń ta káàdì fóònù l'Ábújá.
Gímbà ní, "Bayárábè, ṣebí igi náà ni.
Ìwọ ni kó wá wò ó."

Mo fi hámà kan pákó níkọ̀ọ̀kan.
Kó. Kó. Kó.
Igi tó yè a máa jẹ́ni lóhùn bí ẹni tá a pè lórúkọ.
Mo dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, níbi tí òpó ìgbòkun ń fìdí tì.
Bùù.
Bí ìgbà tí èèyàn gbá ìrọ̀rí.

Páànù gálọ̀ọ̀nù òróró ló bò ó,
àwòrán ọ̀pẹ ara rẹ̀ ṣì hàn fírífírí.
Kóólútà yí i ká bí tìróò ojú arúgbó.
Mo ní, "Ọ̀dẹ̀ wo ló ṣe irú iṣẹ́ yìí?
Ó dé omi mọ́nú igi!
Omi ò ríbi jáde, igi ò ríbi mí."
Gímbà bu obì sẹ́nu, ó ń wo omi lọ.

Mo ki ṣísẹ́lì bọ abẹ́ páànù.
Ìṣó àkọ́kọ́ yọ.
Orí rẹ̀ tẹ̀ sápá òsì,
bí mo ṣe máa ń tẹ ìṣó kí n tó gbá a wọlé,
àṣà tí ọ̀gá mi nà mí lé lórí títí, tí mi ò jáwọ́.
Ìkejì, bákan náà.
Mo ka mẹ́sàn-án kí n tó gbójú sókè.

"Ọdún tí o kọ́kọ́ dé ni," Gímbà wí.
"Ẹgbẹ̀rún méjì náírà lo gbà.
O ní èmi á kú, ọkọ̀ ò ní kú."

Mo gé igi rírà náà.
Ó dúdú, ó rọ̀, ó ń rùn bí inú àmù tá a pa tì.
Mo rò pé kò ní ju àtẹ́lẹwọ́ lọ;
ó di ìgbọ̀nwọ́,
ìgbọ̀nwọ́ di odindi apá.
Lọ́jọ́ kẹta ni ayùn tó yí ohùn padà,
tí ohun tó ń dà sílẹ̀ pupa, tó gbẹ,
tó ta sí mi nímú bí ata.
Ibẹ̀ ni mo dúró.

Pákó ọ̀gànwó kan wà nílé
tí mo ti ṣèlérí ilẹ̀kùn fún ìyàwó mi.
Mo gé ẹnu rẹ̀ ní dídagun, mo fi bá ẹnu àtijọ́ mu,
mo ki òwú olóróró sáàrin wọn.
Páànù? Rárá.
Salámátù, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ní kí n kùn ún kó lè bára dọ́gba.
Mo ní kó máa hàn,
kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi mọ ibi tó máa kàn.

Nígbà tí omi padà, a tì í wọlé.
Ó jò. Gbogbo ọkọ̀ igi ló ń jò lọ́jọ́ àkọ́kọ́
títí igi á fi mu omi yó, tí á wú, tí á di ara rẹ̀ mú.
Gímbà ń fi igbá gbọ́n ọn, kò sọ nǹkan kan.
Ó ta ìgbòkun. Afẹ́fẹ́ kún àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá.

Mo jókòó sórí ẹrẹ̀,
ìṣó mẹ́sàn-án nínú àpò ṣòkòtò mi
ń gún mi nítan.